Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Kírípítò Láti Ìbẹ̀rẹ̀, Bí Ẹ Kò Tilẹ̀ Mọ Nǹkan Kan Nípa Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù nípa kírípítò, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni pé: "Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kírípítò, èwo ni kí n rà?" Mi ò ní dáhùn ìyẹn lónìí. Ẹni tó ra ohun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tà á, ẹrù ló rù, kò tíì ra ọjà.

Ètò tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé rèé: ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí owó ṣe ń jáde, kí ẹ tó kọ́ bó ṣe ń pọ̀ sí i. Èrè ló máa gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn wọ gbó ló dorí ètò yìí kodò. Èrè ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé wọn ò tíì wo ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ bá lè fi fóònù yín fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn, ìmọ̀ tí ẹ ní ti tó. Ẹ máa ṣe ìgbésẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kan. Kò sí ohun tó ń lé yín.

## Ohun tí ẹ máa pèsè

- Fóònù tó jẹ́ tiyín nìkan, tó ní PIN tàbí ìtẹ̀ka. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ fi ń wo fídíò.
- Íméèlì tuntun kan tí ẹ ò ní fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ò lò níbòmíràn.
- Google Authenticator, áàpù tó ń fún yín ní kóòdù tí ẹ máa fi wọlé, tàbí áàpù mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀. Ó sàn ju kóòdù orí SMS lọ, torí gbájúẹ̀ lè lọ gba síìmù mìíràn lórí nọ́ńbà yín, kí kóòdù yín sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.
- NIN àti BVN. Ẹ rí i pé orúkọ inú méjèèjì bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìforúkọsílẹ̀ máa dá yín lágara.
- Ìwé àti bírò. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.
- Owó ẹ̀kọ́: iye tó jẹ́ pé bó bá sọnù, inú yín á bàjẹ́ ṣùgbọ́n ẹ ó jẹun alẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ kọ́, owó àjọ kọ́, owó tí ẹ yá kọ́.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ọ̀rọ̀ márùn-ún péré

Ẹ má lọ há ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sórí. Márùn-ún yìí tó láti bẹ̀rẹ̀.

Blockchain. Ẹ wo àjọ kan tí kò ní alájọ tó ń dá ìwé mú. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ẹ̀dà ìwé kan náà lọ́wọ́, bí ẹnì kan bá sanwó, gbogbo ẹ̀dà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá lọ pa nǹkan rẹ́ nínú tirẹ̀, ìwé àwọn yòókù á tú àṣírí rẹ̀.

Bitcoin. Òun ni kírípítò àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láé. Ọ̀kan ṣoṣo ṣeé pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù 100, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé "mi ò lè rà á, ó ti wọ́n jù". Ẹ lè ra ti ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀.

Stablecoin. Kírípítò tí wọ́n ṣe kí iye rẹ̀ má máa lọ sókè sódò ni. USDT àti USDC ló gbajúmọ̀ jù. Dọ́là kan ni wọ́n dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé. Èyí kò sọ wọ́n di dọ́là báǹkì o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí báǹkì Silicon Valley Bank dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, USDC já sí abẹ́ sẹ́ǹtì 90 fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. UST, stablecoin mìíràn, ní tirẹ̀ wó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, kò sì dìde mọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà tí owó ń gbà lọ. USDT kan náà lè gba orí Tron (wọ́n ń pè é ní TRC20), ó lè gba orí Ethereum (ERC20), ó lè gba orí BNB Smart Chain (BEP20). Ẹ fi àmì sí ìlà yìí, a ṣì máa padà sí i.

Exchange àti wọ́lẹ́ẹ̀tì. Exchange ni ọjà tí ẹ ti ń fi náírà ra kírípítò, òun ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Wọ́lẹ́ẹ̀tì tiyín ni áàpù tí ẹ fi ń tọ́jú kírípítò yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. FTX tóbi gan-an láàárín àwọn exchange àgbáyé, síbẹ̀ ó kógbá sílé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn sì dúró fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbúròó owó wọn.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wòran, ẹ má tíì náwó

Àwọn olùkọ́ orí YouTube kì í sábà kọ́ni ní èyí, bóyá torí pé kò sẹ́ni tó ń rí kọ́mísọ́ọ̀nù níbẹ̀.

1. Ẹ ṣí mempool.space lórí fóònù yín, ojú ewé tó ń fi ìwé àkọsílẹ̀ Bitcoin han gbogbo ayé. Àwọn àpótí tí ẹ ń rí nibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní block. Ti Bitcoin máa ń jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ara wọn.
2. Ẹ tẹ ọ̀kan, kí ẹ tún tẹ ọ̀kan nínú àwọn ìfiránṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ wá ibi tí owó ti wá, ibi tó lọ, àti iye tí wọ́n san fún ìfiránṣẹ́.
3. Ẹ kíyè sí i pé kò sí orúkọ, ádírẹ́ẹ̀sì nìkan ló wà, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tó dà bíi nọ́ńbà àkáǹtì. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló lè rí i. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kírípítò kò ṣeé tọpasẹ̀ kò tíì ṣí ojú ewé yìí rí.
4. Ẹ ṣe bákan náà lórí tronscan.org, torí ibẹ̀ lẹ ti máa wo USDT orí Tron.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, kò sẹ́ni tó máa fi àwòrán lásán sọ fún yín pé òun ti fi owó ránṣẹ́. Ẹ ní kó fún yín ní TXID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìfiránṣẹ́ náà, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì òfìfo, kí ẹ sì pa á rẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa á rẹ́.

1. Ẹ gba wọ́lẹ́ẹ̀tì kan tó ń gba Bitcoin àti Tron, irú Trust Wallet. Ẹ gba ojú ewé iléeṣẹ́ náà gan-an dé ibi tí ẹ ti máa gbà á. Ẹ má tẹ ìpolówó tó bá ṣáájú lórí Google, ayédèrú áàpù pọ̀ níbẹ̀.
2. Ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó máa fún yín ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 12 (òmíràn 24) tí wọ́n ń pè ní seed phrase. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, torí ètò tí wọ́n fi tẹ̀ léra ṣe pàtàkì.
3. Ẹ kọ ádírẹ́ẹ̀sì Tron yín sílẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́tà T ló máa bẹ̀rẹ̀.
4. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù.
5. Ẹ tún un gbà, kí ẹ sì yan èyí tó ní ẹ ti ní wọ́lẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé yín.
6. Ẹ wò ó bóyá ádírẹ́ẹ̀sì T yẹn padà wá bó ṣe rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹlòmíràn kì í mọ̀ títí fóònù rẹ̀ fi já sómi: orí ìwé yẹn ni kọ́kọ́rọ́ owó yín wà, kì í ṣe inú fóònù.

Ẹ má ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú íméèlì. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ 12 yẹn lọ́wọ́ yín, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Trust Wallet, ọlọ́pàá tàbí lọ́yà, olè ni. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn pè é.

Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì, kí ẹ fi pamọ́ sí ilé mìíràn. Kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mọ ibi tó wà. Ikú kì í dúró de ọ̀rọ̀ aṣínà, báǹkì kan ò sì ní pe ìyàwó tàbí ọkọ yín pé owó kan wà nílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan exchange

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe kírípítò. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àjọ SEC, tó ń ṣe àbójútó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, fún Quidax àti Busha, exchange méjì, ní ìyọ̀ǹda ìbẹ̀rẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2025 sì ti fi kírípítò sábẹ́ àbójútó SEC. Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀: ẹ lọ sí ojú ewé SEC Nàìjíríà, kí ẹ wo orúkọ tí ẹ fẹ́ lò bóyá ó wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fídíò àtijọ́. Binance, exchange àgbáyé kan, jáwọ́ nínú iṣẹ́ náírà ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àmọ́ fídíò tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ta USDT sí náírà níbẹ̀ ṣì kún ìta. Ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n gbé fídíò jáde kí ẹ tó tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀:

- Ẹ so Authenticator mọ́ ọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí owó tó wọ ibẹ̀.
- Ẹ rí i pé orúkọ yín níbẹ̀ àti orúkọ àkáǹtì báǹkì yín jẹ́ ọ̀kan náà.
- Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ iye tó kéré jù tí èèyàn lè fi jáde, àti iye tí wọ́n ń yọ. Ẹlòmíràn á ra ohun tí kò tó iye yẹn, owó rẹ̀ á sì há síbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àlọ àti àbọ̀

Bí ẹ ò bá ní ṣe ìgbésẹ̀ mìíràn nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe eléyìí.

1. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ra USDT lórí exchange. Ẹ tún ra TRX díẹ̀ mọ́ ọn.
2. Ẹ kọ́kọ́ fi TRX ránṣẹ́ sí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín. Ìdí rẹ̀ ni pé TRX ni wọ́n fi ń san owó ọ̀nà lórí Tron. Bí kò bá sí TRX níbẹ̀, USDT yín á dé láìséwu ṣùgbọ́n kò ní lè jáde títí TRX fi dé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé wọ́n ti ja àwọn lólè nígbà tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni wọn ò ní.
3. Ẹ da ádírẹ́ẹ̀sì yín kọ nípa títẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ yan TRC20 níbi tí owó ti ń jáde, kí ẹ rí i pé TRC20 náà ni níbi tó ń lọ.
5. Ẹ fi iye tó kéré jù ránṣẹ́. Ẹ wò ó lórí Tronscan títí tó fi dé.
6. Ẹ dá a padà sí exchange. Ẹ tún lọ da ádírẹ́ẹ̀sì kọ láti ibẹ̀, ẹ má lo ti àná.
7. Ẹ tà á sí náírà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí báǹkì yín.
8. Ẹ ṣí ìwé yín: èló ló lọ, èló ló dé, ta ló gba ìyàtọ̀ rẹ̀?

Ìyàtọ̀ yẹn ni owó ilé-ìwé yín. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ náà pẹ̀lú, torí òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 ti ka èrè orí kírípítò mọ́ ohun tí wọ́n lè gba owó orí lé.

## Ọjà P2P: ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀

Nínú P2P, èèyàn bíi tiyín lẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tí ẹ ń tà fún. Exchange á di kírípítò náà mú títí ẹni tó ń tà yóò fi sọ pé náírà ti dé. Ètò yẹn dáa. Ibi tí èèyàn ti ń kúrò nínú ètò ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń rà:
- Ẹ yan ẹni tó ti ṣe ọ̀pọ̀ ìdúnàádúrà, tí èyí tó parí sì pọ̀ púpọ̀ ju èyí tó fagi lé lọ. Ẹ má torí pé iye tirẹ̀ dín díẹ̀ kí ẹ sáré bá ẹni tó dé lánàá.
- Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ máa sanwó sí.
- Ẹ má kọ "USDT" tàbí "Bitcoin" síbi àlàyé nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ yín.
- Bó bá ní kí ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ kí i pé ó dìgbà.

Bí ẹ bá ń tà:
- Ẹ má gba alẹ́ẹ̀tì gbọ́, ẹ má sì gba àwòrán gbọ́. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, kí ẹ wo iye tó wà nílẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti pẹ́ nílùú yìí, ó ti wà kí kírípítò tó dé.
- Ẹ wo orúkọ ẹni tó sanwó. Bó bá yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tí ẹ ń bá dúnàádúrà, ẹ má fi kírípítò sílẹ̀. Ẹ pe exchange sí i. Owó olè lè jẹ́ èyí tó wọlé sọ́dọ̀ yín, bí olówó bá sì fi ẹjọ́ sun, àkáǹtì yín ni báǹkì máa tì, ẹ̀yin ni EFCC máa pè.
- Ẹni tó bá ń kán yín lójú, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè fi sílẹ̀, mo wà lójú ọ̀nà", ẹ jẹ́ kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe P2P rárá ní oṣù àkọ́kọ́ bí exchange yín bá lè gba náírà yín kó sì ta kírípítò fún yín tààrà. Ó lè wọ́n díẹ̀ sí i, àmọ́ ó fọkàn èèyàn balẹ̀.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò bára mu. Ádírẹ́ẹ̀sì Tron ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, ti Ethereum àti ti BNB Smart Chain jọ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, ti Bitcoin ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 3 tàbí bc1. 0x méjèèjì ló máa ń da ojú èèyàn rú jù, torí fóònù ò ní kìlọ̀ fún yín. Ẹ ka orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan.

Gbígbàgbé memo. Bí ẹ bá ń fi XRP, XLM tàbí TON sí exchange, nọ́ńbà kejì kan wà tí wọ́n ń pè ní memo tàbí tag. Láìsí i, exchange ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni owó náà.

Dída ádírẹ́ẹ̀sì kọ láti inú àkọsílẹ̀ àtijọ́. Gbájúẹ̀ máa ń fi owó bíńtín ránṣẹ́ sí yín láti orí ádírẹ́ẹ̀sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ jọ èyí tí ẹ máa ń lò. Ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹ máa da tirẹ̀ kọ ni. Ẹ máa ka lẹ́tà àárín pẹ̀lú.

Trading, ìyẹn ríra àti títà léraléra láti jèrè, ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bitcoin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 69,000 dọ́là ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọdún kan lẹ́yìn náà ó ti wà lábẹ́ 17,000. Ó kọjá 100,000 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ẹni tó bá fi owó tó yá kún un nínú irú ìgbòkègbodò báyìí, kò ní sùn. Àwọn tó ń ta "signal", ìyẹn ìmọ̀ràn nípa ìgbà tí ẹ máa rà tàbí tí ẹ máa tà, lórí Telegram, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí wọ́n fi nílò owó oṣù yín bí signal wọn bá ń jẹ́.

## Bí ẹ ṣe máa dá gbájúẹ̀ mọ̀

CBEX, áàpù kan tó ní òun ń fi kírípítò ṣòwò, ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó ò jáde mọ́. Ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n ní kí àwọn tí owó wọn há san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n lè rí ti tẹ́lẹ̀ gbà. A ti rí irú rẹ̀ rí: MMM náà ti owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀.

Ẹ sá, bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí:

- Èrè tí wọ́n dá iye rẹ̀, tí wọ́n sì ní kò lè yẹ̀.
- Owó tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san kí ẹ tó gba owó yín.
- Èrè lórí èèyàn tí ẹ bá mú wá.
- Áàpù tí kò sí ní Play Store, tó jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí yín.

Pé ọ̀rẹ́ yín ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì kò fi hàn pé òótọ́ ni. Owó àwọn tó ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi san tirẹ̀. Nọ́ńbà orí áàpù pẹ̀lú kì í ṣe owó, ẹnikẹ́ni lè kọ 5,000 dọ́là sójú ewé.

## Bí ẹ bá rí i pé kì í ṣe tiyín

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ dọ́là lẹ fẹ́ tọ́jú, báǹkì ń ṣí àkáǹtì dọ́là. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí owó máa bí díẹ̀díẹ̀, FGN Savings Bond ń bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtìkó, ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ FCA, àjọ tó ń ṣe àbójútó iléeṣẹ́ ìṣúná níbẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, òfin ní kí wọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní wákàtí 24 láti tún un rò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi USDT ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá Màmá tó wà ní Ìjẹ̀bú lè ṣe ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí dáadáa. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ lo ọ̀nà tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀.

## Bí owó bá ti lọ

1. Bó bá jẹ́ náírà lẹ san, ẹ pe báǹkì yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.
2. Bó bá jẹ́ kírípítò, ẹ kọ TXID àti ádírẹ́ẹ̀sì tó lọ sílẹ̀. Ẹ wo Tronscan bóyá ó ti wọ exchange kan, kí ẹ sì kọ̀wé sí exchange náà.
3. Ẹ fẹjọ́ sun ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí EFCC, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí yín.
4. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ 12 yín, ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun, kí ẹ kó ohun tó kù lọ síbẹ̀ báyìí báyìí.
5. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnì kan lè kọ̀wé sí yín pé agbára òun ká a láti gba owó náà padà, pé kí ẹ ṣáà san owó iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dínà mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ẹni tó gba ti àkọ́kọ́ náà ló tún padà wá.